Ẹsẹ̀ Tó Wú Dé Fẹsálì

Aago mẹ́rin òru ku díẹ̀, ní Wolverhampton,
ẹ̀rọ amúlégbóná ń hanrun bí àgbàlagbà.
Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá Mahey,
mo ń fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ó wo bàtà rọ́bà mi. Ó wo ọrùn ẹsẹ̀ mi
tó tú síta lẹ́tí bàtà bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó wú borí agolo.
"Bìdú," (ahọ́n rẹ̀ ò gba Ìbídùn láti ọjọ́ tí mo ti dé)
"ẹsẹ̀ rẹ jọ ti Pajápatì nígbà tó dé Fẹsálì."

Fẹsálì. Mo rò pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù kan ni
ní Òpópónà Dudley.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ìlú ni, ó ní. Ìlú ọlọ́gbà máńgòrò,
ìlú tí kò lọ́ba kan ṣoṣo, ìgbìmọ̀ ló ń tukọ̀ rẹ̀.
Ibẹ̀ ni ọ̀bọ kan ti fi afárá oyin ta Búdà lọ́rẹ,
inú rẹ̀ dùn, ó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka
títí ẹ̀ka fi dá.
"Ó kú?"
"Ó kú. Ṣùgbọ́n tayọ̀tayọ̀ ni."

Ibẹ̀ náà ni Pajápatì rìn dé,
àbúrò ìyá Búdà, ẹni tó fún un lọ́mú
nígbà tí ìyá tó bí i kú lọ́jọ́ keje.
Ó ti fárí kodoro. Ó ti wọ aṣọ àwọ̀ ìyeyè.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bẹ ọmọ tó wò dàgbà nílé:
jẹ́ kí èmi náà wọ ẹgbẹ́ rẹ.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ ní rárá.
Ló bá kó àwọn obìnrin bíi tirẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn,
ó tó Wolverhampton sí Lọ́ńdọ̀nù, ó tún lé,
láìsí bàtà.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, eruku bò ó, ẹkún ń pe ẹkún.
Kò kanlẹ̀kùn.

Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí táwẹ̀lì.
Lẹ́tà ìjọba wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi, ìkejì rèé:
ọmọ mi ò lè tẹ̀ lé mi wá.
Ìyá oníyàá ni mò ń wẹ̀ níhìn-ín,
ìyá tèmi ló ń wẹ ọmọ mi ní Ìlá Ọ̀ràngún.

"Ta ló wá ṣílẹ̀kùn?"
"Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ ṣí i. Ànáńdà kàn bi í pé kí ló dé.
Ó wọlé, ó bẹ̀bẹ̀, Búdà ní rárá.
Ó yí ìbéèrè padà:
bí obìnrin bá tọ ọ̀nà yìí, ṣé kò ní débẹ̀ ni?
Búdà ní yóò débẹ̀.
Ó ní, ẹni tó fún ọ lọ́mú ló wà níta o."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọlé. Òfin mẹ́jọ ni wọ́n kà sí wọn létí:
obìnrin tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ẹ̀jẹ́
ni yóò kúnlẹ̀ kí ọmọkùnrin tó wẹgbẹ́ láàárọ̀ òní.
Màmá Mahey yọ ṣùtì.
"Èyí ò dùn mọ́ mi rí. Àádọ́ta ọdún rèé tí mo ti ń bá a jà.
Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣí."

Mi ò sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn tó ṣí ààbọ̀, mo mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ aláìsàn wá gbé e.
Ọrùn rẹ̀ ti le gan-an, kò lè bojú wẹ̀yìn.
Ní géètì, ó gbọ́wọ́ sókè: ẹ dúró, ẹ yí mi,
ẹ yí àga pẹ̀lú èmi.
Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀: ọjọ́ tí Búdà fi Fẹsálì sílẹ̀ kẹ́yìn,
kò yí ọrùn. Gbogbo ara ló fi yí, bí erin,
ó wo ìlú, ó ní òun ò tún ní rí i mọ́.

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo-rí-nǹkan-fìrí.
Wọn ò sọ fún mi bí àjànàkú ṣe ń wẹ̀yìn wò.
Ó wo fèrèsé yàrá kejìlá, ó wo igi ápù tí kò so,
ó wo ẹsẹ̀ mi.
Òjò winniwinni ń rọ̀. Ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ní kíá, kíá.
Mo di àga mú, mi ò jẹ́ kó yí i padà
títí ó fi wò ó tán.